Ṣé kí káfíńtà fi igi kún inú gìtá mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Gìtá olókùn náílọ̀n ni mo rà. Mo yọ náílọ̀n, mo fi okùn onírin sí i kó lè dún sókè. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ojú rẹ̀ fi wú lẹ́yìn ibi tí a so okùn mọ́. Okùn wá ga débi pé ìka ń dùn mí. Káfíńtà àdúgbò ní òun á fi igi kún inú rẹ̀. Ṣé kí n gbà?

ÌDÁHÙN: Ẹ má gbà o. Kí ẹ tó kà á síwájú, ẹ lọ dẹ okùn yẹn ná.

Okùn onírin mẹ́fà tí a ti fà le dé ohùn tó yẹ ń fa gìtá bí ẹrù tó wúwo tó nǹkan bíi 70 kílò. Ti náílọ̀n lé díẹ̀ ní ìdajì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, pákó ojú gìtá kì í sábà nípọn ju mílímítà 3 lọ. Àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó ya. Igi ìgbéró, tàbí ọ̀pá, ni mò ń pè wọ́n.

Irú gìtá yín, ọ̀nà Antonio de Torres, oníṣẹ́ gìtá ará Sípéènì, ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ lé: ọ̀pá wẹ́wẹ́, 7 lọ́pọ̀ ìgbà, tó tàn ká bí abẹ̀bẹ̀. Ó fúyẹ́, okùn rírọ̀ sì lè mì ín dáadáa. Ti onírin, ọ̀pá méjì tó lágbára ló dábùú ara wọn bí X. Martin, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe gìtá ní Amẹ́ríkà, ti ń lò ó láti àwọn ọdún 1840, kí okùn onírin tó gbòde rárá.

Ojú gìtá, bí awọ ìlù ló rí. Bí káfíńtà bá fi igi há a mọ́lẹ̀, kò ní wú mọ́ lóòótọ́, àmọ́ ohùn rẹ̀ á kú. Gíga ọ̀pá ló sì lágbára ju fífẹ̀ rẹ̀ lọ: bí fífẹ̀ bá di ìlọ́po 2, líle rẹ̀ á di ìlọ́po 2, bí gíga bá di ìlọ́po 2, ó di ìlọ́po 8. Ìdí nìyí tí ọ̀bẹ mi fi máa ń pẹ́ lórí gíga ọ̀pá bí mo bá ń ṣe gìtá. Mo máa fá a fẹ́ẹ́rẹ́, mo máa fi ìka kan pákó, mo máa tẹ́tí, títí ohùn tó gan tẹ́lẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í rinlẹ̀.

Ẹ ki dígí kékeré bọ ihò gìtá, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ẹ wá ti bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sáàárín ọ̀pá àti pákó. Bó bá wọlé, gọ́ọ̀mù ti jábọ́ níbẹ̀. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń tún gìtá ṣe, ó ṣeé lẹ̀ padà. Bí kò bá wọlé, tí ọ̀pá kankan ò sì ṣẹ́, ẹ dá náílọ̀n padà sí i. Wíwú yẹn lè fà sẹ́yìn díẹ̀, àmọ́ n ò lè ṣèlérí pé yóò tẹ́jú bíi ti tẹ́lẹ̀.