Ẹ má tíì sọ àkọ̀ ọ̀bẹ yẹn nù

Ẹ kú oríire ọ̀bẹ tí àwọn ọmọ bàbá tí ẹ máa ń bá gé koríko àyíká ilé rẹ̀ fi ta yín lọ́rẹ. Ẹ ní wọ́n tẹ “Randall Made, Orlando, Fla.” mọ́ ara irin rẹ̀, ẹ sì ń béèrè ẹni tó rọ ọ́, ọdún tí wọ́n rọ ọ́, àti bóyá kí ẹ fi sáńpépà bó o kó lè dán. Ìbéèrè kẹta ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, nítorí òun ló jẹ mí níyà: ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi sáńpépà kàn án, ẹ má sì sọ àkọ̀ rẹ̀ nù, bó ti wù kó máa rùn tó.

Irú ọ̀bẹ yìí dé ọwọ́ mi ní Georgia, lẹ́yìn tí ọkọ ìyá àgbàlagbà kan tó múlé tì wá kú. Ìyá náà fi ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn wé e, ó sì ní kí n tó gbà á, kí n fún òun ní sẹ́ńtì kan péré, nítorí àwọn àgbà tiwọn gbà pé ọ̀bẹ tí a bá fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ máa ń gé okùn ọ̀rẹ́. Mo wá a nínú àpò, mo fún un, a jọ rẹ́rìn-ín. Awọ tí wọ́n tò léra wọn bí owó ẹyọ ni èèkù rẹ̀, idẹ ló dábùú láàárín èèkù àti irin, irin náà sì ti ṣú bí omi aró. Àkọ̀ rẹ̀ ti bu funfun, ó ń rùn bí ewúrẹ́ tí òjò pa, àpò kékeré kan sì wà níwájú rẹ̀ tí òkúta ìpọ́nbẹ wà nínú rẹ̀. Mo yọ òkúta, mo ju àkọ̀ sí pàǹtí, mo sì jókòó ti sáńpépà ní odindi ọ̀sán Sátidé kan títí ọ̀bẹ náà fi ń dán bíi ṣíbí tuntun. Idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó wádìí. W. D. Randall, tí wọ́n ń pè ní Bo, àgbẹ̀ ọlọ́sàn ní Florida, ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní ọdún 1937, létí adágún Walloon ní Michigan, ó rí ọkùnrin kan tó ń fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà ara ọkọ̀ ojú omi, síbẹ̀ tí ojú ọ̀bẹ náà kò kú. William Scagel ló rọ ọ̀bẹ ọ̀hún. Randall rà á, kò sì pẹ́ tí òun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ tirẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rọ fún àwọn. Ó kú ní 1989, ìdílé rẹ̀ sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ tuntun lónìí á dúró fún ọdún mélòó kan.

Níbi ọdún ni ọ̀rọ̀ ti dì, nítorí wọn kì í tẹ ọdún mọ́ ọn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń wo bí wọ́n ṣe to lẹ́tà orúkọ náà, wọ́n á wo àwọ̀ àwọn ègé pẹlẹbẹ tó wà láàárín èèkù àti idẹ, ṣùgbọ́n àkọ̀ ni wọ́n máa ń gbójú lé jù. Àwọn àkọ̀ àtijọ́, ilé iṣẹ́ aláwọ kan tó ń jẹ́ Heiser ní Denver ló ń rán wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, iṣẹ́ àkọ̀ rírán bọ́ sọ́wọ́ aránwọ mìíràn, Johnson, lẹ́yìn rẹ̀ ni ti Sullivan. Òótọ́ ni pé ẹnìkan lè ti pààrọ̀ àkọ̀, síbẹ̀ kò sí ohun tó tún sún mọ́ ọn. Gbogbo ẹni tí mo fi àwòrán tèmi hàn ló bi mí ní ìbéèrè kan náà: àkọ̀ rẹ̀ ńkọ́?

Dúdú tí ẹ ń wò yẹn kì í ṣe ìpáàrà. Bí irú irin bẹ́ẹ̀ ṣe ń dàgbà nìyẹn, ó sì ń dáàbò bò ó díẹ̀. Pupa ni ọ̀tá. Ẹ fi aṣọ àti òróró díẹ̀ nù ún, kí ẹ má sì dá a padà sínú àkọ̀, nítorí awọ a máa fa omi mọ́ra, oògùn tí wọ́n fi ṣe awọ náà a sì máa jẹ irin. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ ya àwòrán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àmì náà, àti iwájú òun ẹ̀yìn àkọ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ní tèmi, sáńpépà ti jẹ etí lẹ́tà méjì tán.

Ìtìjú kò jẹ́ kí n tètè padà lọ bá ìyá náà. Nígbà tí mo lọ, ó mú àwòrán ọkọ rẹ̀ jáde, nínú aṣọ ológun ní Vietnam, ọ̀bẹ wà ní ìbàdí rẹ̀, àkọ̀ hàn kedere, àní mo lè ka ojú okùn tí wọ́n fi rán an. Ṣùgbọ́n àmì tí mo rí lọ́jọ́ tí mo jù ú nù, tí mi ò fara balẹ̀ kà, ẹ̀yìn àkọ̀ ló wà, níbi tó ti kan itan rẹ̀.