Ẹ Bi Wá: Ṣé kọ́múnísìtì ni Sankara àbí ṣọ́jà tí kò jalè?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń jiyàn lórí Thomas Sankara, ṣọ́jà tó ṣe ààrẹ Burkina Faso láyé ọjọ́un. Òun ní kọ́múnísìtì pọ́ńbélé ni, èmi ní ṣọ́jà tí kò jalè lásán ni. Ta ló jàre?

ÌDÁHÙN: Ọ̀rẹ́ yín sún mọ́ ọn jù yín lọ, ẹ má bínú. Sankara ka ìwé Marx àti Lenin, àwọn aṣíwájú èrò kọ́múnísìtì, dáadáa, kò sì fi bò. Àmọ́ nínú ọ̀rọ̀ tó fi la ètò ìjọba ẹ̀ sílẹ̀ ní October 1983, kò pè é ní kọ́múnísíìmù, ìjà àwọn mẹ̀kúnnù pẹ̀lú àwọn amúnisìn ló pè é. Ìlú àgbẹ̀ ni Burkina, síbẹ̀ oúnjẹ ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n ń retí látòkè òkun, lójú tiẹ̀ sì rèé, ẹni tó ń bọ́ ẹ ló máa pàṣẹ fún ẹ. Ló bá fagi lé owó orí, ó gba ilẹ̀ sọ́wọ́ ìjọba, ó ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba máa wọ faso dan fani, aṣọ híhun tiwọn, bí aṣọ òkè wa.

Ẹ wá fídíò ọ̀rọ̀ tó sọ ní Addis Ababa, July 1987, nípàdé OAU, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà nígbà náà. Ó ní kí gbogbo Áfíríkà pawọ́ pọ̀ kọ̀ láti san gbèsè, torí àwọn tó gba ilẹ̀ wa nígbà amúnisìn náà ló tún ń yá wa lówó, ó wá sọ̀rọ̀ kan aṣọ ọrùn ẹ̀ pé kò sí fọ́nrán òwú Yúróòpù kan ṣoṣo níbẹ̀, àwọn ààrẹ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ló bá ní tó bá jẹ́ Burkina nìkan ló kọ̀, òun ò ní sí níjòókòó nípàdé tó ń bọ̀. Oṣù mẹ́ta ò pé tí wọ́n fi yìnbọn pa á, 15 October.

Ibi tí inú mi ò ti dùn sáwọn tó ń fi fọ́tò ẹ̀ ṣe DP nìyí: ọkọ̀ Renault 5 kékeré tó ń gùn ni wọ́n ń sọ ṣáá, wọn kì í dárúkọ àwọn tíṣà. Ní March 1984 àwọn tíṣà daṣẹ́ sílẹ̀, ó sì lé iye tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, nínú ìlú tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀wé kà! Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ CDR, ìyẹn àwọn ìgbìmọ̀ àdúgbò tí ìjọba ẹ̀ dá sílẹ̀ láti dáàbò bo ìyípadà náà, ń gbé ìbọn káàkiri àdúgbò. Ìjọba mẹ̀kúnnù ló ní òun ń ṣe o, àmọ́ mẹ̀kúnnù tó bá yarí fún un, ọ̀tá ni.

Tiyín náà ò burú, kò jalè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ṣọ́jà tí kò jalè nìkan kọ́ ló máa ní kí àwọn ọkọ lọ nájà lọ́jà lọ́jọ́ kan lọ́dún 1984, kí wọ́n lè mọ ohun tí ojú ìyàwó wọn ń rí.