Èsì: Ìgbà wo ni ká ha ilẹ̀ onípákó ilé ìdáná?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ṣé kẹ́ ẹ ha ilẹ̀ onípákó yẹn kí kọ́bọ́ọ̀dù tó wọlé ni àbí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ha á kó tó wọlé. Eruku pákó kúnná bí àtíkè, kò sí ihò tí kì í wọ̀, ẹ̀rọ ìhalẹ̀ kì í sì í ráàyè wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ kun fáníìṣì àkọ́kọ́, àmọ́ ẹ fi èyí tó kẹ́yìn sílẹ̀ dìgbà tí káfíńtà, púlọ́ńbà àtàwọn akunlé bá kẹ́rù wọn jáde. Ẹ kọ́kọ́ fi sánpépà tó kúnná ha ti àkọ́kọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, kí ti ìkẹyìn lè lẹ̀ dáadáa. Fáníìṣì olóróró lè tó ọjọ́ 30 kó tó le tán, ẹ má tíì tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé e.