Ẹ Bi Wá, Ká Dá Yín Lóhùn: Ìbọn Ìléwọ́ Kì í Ṣe Kóńdó

Ìbéèrè lórí ọlọ́pàá àti ìbọn pọ̀ lọ́tẹ̀ yìí o, àmọ́ kì í ṣe ti yíyin ìbọn, ti kí wọ́n fi ìbọn na èèyàn ni. Mo ṣa mẹ́rin nínú ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ràn fíìmù kábọ́ì gan-an, gbogbo ìgbà ni mo ń rí i tí ọlọ́pàá inú ẹ̀ á yí ìbọn padà, á di ẹnu ẹ̀ mú, á wá fi ìdí ẹ̀ gbá ẹnìkan lórí. Ṣé wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ àbí eré lásán ni? (Akin, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Àbúrò, wọ́n ń fi ìbọn lu èèyàn lóòótọ́, àmọ́ ti yíyí i padà yẹn, sinimá ni jàre. Ìwọ náà rò ó wò, ẹni tó ti mutí yó wà níwájú ẹ, òun náà gbé ìbọn sára, o wá ń wá àyè yí tìẹ padà lọ́wọ́, kí ẹnu ìbọn tí ọta wà nínú ẹ̀ wá kọjú sí ikùn ìwọ fúnra ẹ? Ọ̀pá ìbọn yẹn gan-an ni wọ́n fi ń luni, bí wọ́n bá ṣe fà á yọ báyìí, orí èèyàn ló ń bọ́ sí. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ rìn jù nídìí ẹ̀ ni Wyatt Earp, tó ṣe ọlọ́pàá ní Wichita àti Dodge City ní ìpínlẹ̀ Kansas kó tó lọ sí Tombstone ní Arizona. Ìbọn Colt tó jáde ní 1873 tí wọ́n ń lò káàkiri nígbà yẹn, yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń dì í mú, irin gidi ni gbogbo ẹ̀, ó wúwo tó kílò kan, tó bá bà ẹ́ lágbárí ilẹ̀ ni wàá bá ara ẹ.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é ò le. Ní Tombstone, òfin ìlú ní 1881 ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ìbọn rìn láàárín ìlú, àwọn darandaran á sì wọlé wá, wọ́n á mu ọtí yó, wọ́n á ní àwọn ò ní gbé tàwọn sílẹ̀. Tí o bá yìnbọn pa ọ̀kan, àwọn èèyàn ẹ̀ á wá ẹ wá. Tí o bá fi ìbọn lù ú lórí, kóòtù ló ń lọ lọ́jọ́ yẹn, á san fáìnì, á sì máa lọ sílé.

Bí wọ́n ṣe rò ó nìyẹn o. Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní October 26, 1881. Àtàárọ̀ ni Ike Clanton, ọ̀kan nínú àwọn darandaran yẹn, ti ń gbé ìbọn kiri tó ń lérí pé òun á pa àwọn Earp, ni Virgil Earp, ẹ̀gbọ́n Wyatt tó jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú, bá yọ sí i látẹ̀yìn, ó gba ìbọn ọwọ́ ẹ̀, ó fi tiẹ̀ là á lórí, ó wọ́ ọ lọ sí kóòtù, wọ́n ní kó san dọ́là 25 àti owó kóòtù. Ìta kóòtù yẹn náà ni Wyatt àti Tom McLaury, ọ̀rẹ́ Ike, ti pàdé, ọ̀rọ̀ di gbọ́nmi-si-omi-ò-to, Wyatt fi ìbọn lu Tom títí tó fi ṣubú, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni ìjà àwọn Earp àti àwọn darandaran yẹn, tí gbogbo ayé mọ̀ sí O.K. Corral, bẹ́ sílẹ̀, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 Tom ti gba ọta, Frank ẹ̀gbọ́n ẹ̀ náà, àti Billy Clanton, àbúrò Ike tí ò ju ọmọ ọdún 19 lọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kú. Ike nìkan ló rọ́nà sá lọ nínú àwọn méjì tí wọ́n lù. Torí ẹ̀ tẹ́nikẹ́ni bá sọ fún mi pé fífi ìbọn luni ni ò jẹ́ kí wọ́n pààyàn láyé ìgbà yẹn, màá ní kó lọ ka ti ọjọ́ yẹn dáadáa.

ÌBÉÈRÈ: Bọ̀dá, Houston ni mò ń gbé. Mo rí fídíò kan tí ọlọ́pàá ń fi ìbọn gbá ẹnìkan lórí, ó yà mí lẹ́nu. Ṣé òfin gbà wọ́n láyè ni níbí? (Olúwaṣeun, Texas)

ÌDÁHÙN: Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ ní 1989, nínú ẹjọ́ Graham v. Connor, pé ohun tí wọ́n á fi wọn agbára tí ọlọ́pàá lò ni bóyá ọlọ́pàá mí-ìn tí orí ẹ̀ pé, tó wà nírú ipò yẹn, á ṣe irú ẹ̀. Kò dárúkọ ìbọn tàbí kóńdó. Àmọ́ ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọlọ́pàá níbẹ̀ ló ka fífi ìbọn gbá èèyàn lórí sí agbára tó lè pààyàn, ìyẹn ni pé bákan náà ló rí pẹ̀lú kó yìn ín fún un, kò sì gbọdọ̀ ṣe é àyàfi tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu tí kò sì sí ọ̀nà mí-ìn.

Ìbọn òde òní gan-an ò sì dáa fún un. Glock 17 tí ò tíì ní ọta nínú, nǹkan bí gíráàmù 625 ni, rọ́bà líle ni wọ́n fi ṣe abẹ́ ẹ̀. Irin òkè ẹ̀ tó máa ń lọ tó ń bọ̀ yẹn, tí ẹnu ìbọn bá ti tẹ ara èèyàn, ó lè sún sẹ́yìn díẹ̀, ìbọn náà ò sì ní dún nígbà tí ọlọ́pàá bá nílò ẹ̀ jù. Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni kó dún nígbà tí kò yẹ. Roger Enoka, onímọ̀ nípa iṣan ara ní Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé lórí bí ìka ṣe ń fa ìbọn láìjẹ́ pé ẹni náà fẹ́: tí ọwọ́ òsì bá fún nǹkan mọ́ra lójijì, ọwọ́ ọ̀tún tó di ìbọn mú náà á fẹ́ fún un, bẹ́ẹ̀ náà ló rí tí ẹsẹ̀ èèyàn bá yọ̀, tàbí tí nǹkan bá já a láyà. Níbi tí ẹ ti ń wọ̀yáàjà lórí títì, gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pé síbẹ̀! Èmi ò mọ ohun tí ọlọ́pàá tó ní kóńdó àti tésà (ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná gbá èèyàn) nígbáàdí tún ń fìyẹn wá.

Ní Aurora ní ìpínlẹ̀ Colorado ní July 2021, kámẹ́rà àyà ọlọ́pàá ká irú ẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó lu èèyàn yẹn kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì fẹ̀sùn kàn án (ẹ̀sùn kì í ṣe ìdálẹ́bi o), àmọ́ ẹ tún gbọ́, ẹnìkejì ẹ̀ tó dúró tó ń wò láì dá a dúró náà dé kóòtù, torí òfin tí Colorado ṣe ní 2020 ní dandan ni kó dá sí i, wọ́n sì dá a lẹ́bi ní 2023.

ÌBÉÈRÈ: Tí ẹnìkan bá ti di ìbọn ọlọ́pàá mú tó fẹ́ já a gbà ńkọ́? (Ẹni tí ò fẹ́ ká dárúkọ òun)

ÌDÁHÙN: Ìyẹn yàtọ̀, ẹ̀mí ara ẹ̀ ni ọlọ́pàá yẹn ń jà fún, ohun tí ọwọ́ ẹ̀ bá bà ló máa fi gbèjà ara ẹ̀. Àmọ́ ìjàgbà ìbọn ò mọ ọlọ́pàá. Ní Tombstone yẹn náà, ní October 1880, Fred White tó jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá di ọ̀pá ìbọn darandaran kan tí wọ́n ń pè ní Curly Bill mú, ó fà á, ó dún, ọta wọ̀ ọ́ nísàlẹ̀ ikùn, ó kú lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Kó tó kú, òun fúnra ẹ̀ ló sọ pé Bill ò mọ̀ọ́mọ̀ yìn ín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, ọlọ́kadà lọmọ mi, ọlọ́pàá dá a dúró lójú ọ̀nà lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n fi ìdí ìbọn AK gbá a lórí. Ó ní ara òun ti yá, àmọ́ orí ṣì ń fọ́ ọ. Ṣé ó ní ohun tá a lè ṣe? (Ìyá Táyé, Ṣàgámù)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á bá wa wò ó. Ẹ gbé ọmọ yẹn lọ sí ọsibítù lónìí, ẹ má dúró de ọ̀la, kí wọ́n yẹ orí ẹ̀ wò dáadáa, ẹ ní kí wọ́n ṣe scan tó bá ṣeé ṣe. Ìbọn yẹn lé ní kílò 3. Ẹ̀jẹ̀ lè máa dà díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ agbárí, ẹni náà á dìde, á jẹun, á bá èèyàn ṣeré, á ní ara òun ti yá, kó tó di pé ó ṣubú lójijì. Tó bá ń bì, tó ń sùn jù, tọ́rọ̀ ẹnu ẹ̀ ń lọ́, tí dúdú inú ojú ẹ̀ kan tóbi ju ti èkejì lọ, ẹ má ṣe jókòó pè mí, ẹ wá mọ́tò.

Ní ti òfin, kò sí ibi tí wọ́n ti fún wọn láyè ẹ̀. Abala 34 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní kí wọ́n má fìyà jẹ ẹnikẹ́ni bí ẹranko, ACJA (òfin tó ń darí bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn) ti 2015 ní kí wọ́n ṣe ẹni tí wọ́n mú bí èèyàn, Òfin tó lòdì sí Ìfìyàjẹni wà láti 2017. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, kí ó kọ déètì sí i, ẹ ya fọ́tò ọgbẹ́ náà, kí ọmọ yẹn sọ ohun tó bá rántí nípa nọ́ńbà mọ́tò wọn tàbí orúkọ tó wà láyà ọlọ́pàá náà, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó gbàgbé. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ Complaint Response Unit àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn, ẹ mú ẹ̀dà mí-ìn lọ sí àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, kí wọ́n buwọ́ lù ú pé àwọn gbà á. Aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ kàn yẹn, ẹ má fọ̀ ọ́.