Àmì náírà ló ń jẹ owó àtẹ̀jíṣẹ́ yín

Ẹ kú iṣẹ́ o, ará wa ní Yaba. Ẹ ní áàpù tí ẹ ṣe fún àwọn aláṣọ Balógun ń jẹ owó àtẹ̀jíṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, kóòdù ìwọlé kì í sì í dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà kan. Ọ̀ràn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì.

Ojú ewé ni wọ́n fi ń ka owó àtẹ̀jíṣẹ́. Ojú ewé kan ń gba lẹ́tà 160, bí gbogbo lẹ́tà náà bá wà nínú àkójọ GSM, ìyẹn àwọn lẹ́tà àti àmì tí wọ́n ṣètò fún àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù. ₦ kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ, ọ àti ṣ. Bí ẹyọ kan péré bá yọ́ wọlé nínú wọn, 160 di 70; bó bá sì kọjá ojú ewé kan, 67 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà. Rìsíìtì Gẹ̀ẹ́sì yín tó jẹ́ lẹ́tà 150, tí “₦45,000” wà nínú rẹ̀, ojú ewé mẹ́ta ni wọ́n ń gba owó rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní “N45,000”, ó di ẹyọ kan.

Ẹ má torí ìyẹn bọ́ àmì kúrò lórí Yorùbá o! Gbólóhùn ni kí ẹ gé kúrú: “Kóòdù yín ni 482913. Ẹ má fi han ẹnikẹ́ni.” 42 ni, tàmì-tàmì. Ẹ́ tó wà nínú “ẹnikẹ́ni” yẹn, méjì ni wọ́n ń kà á: lẹ́tà lọ́tọ̀, àmì ohùn lọ́tọ̀. Ẹ fi NFC, ọ̀nà Unicode tó ń so lẹ́tà pọ̀ mọ́ àmì rẹ̀, tún ọ̀rọ̀ tò kó tó jáde, torí bí àmì ìsàlẹ̀ náà bá dá dúró, ó di mẹ́ta.

Ní ti kóòdù tí kì í dé: ẹni tó bá ti fi STOP ránṣẹ́ sí 2442, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dí ìpolówó, kò fẹ́ ìpolówó mọ́; bí kóòdù yín bá gba ọ̀nà ìpolówó, wọ́n á dí i mọ́ ọn. Ẹ ní kí ẹni tó ń ta àtẹ̀jíṣẹ́ fún yín fi kóòdù gba ọ̀nà transactional, ìyẹn ọ̀nà tí kì í ṣe ti ìpolówó, kí ó bá yín fi sender ID, orúkọ tí oníbàárà ń rí lórí àtẹ̀jíṣẹ́, sílẹ̀, kó má ju lẹ́tà 11 lọ. Ẹ má fi ìpolówó gba ọ̀nà yẹn láé. Ẹ yọ òdo iwájú nọ́ńbà, kí 0803 di 234803. Ẹ má sì fi 0803 mọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹnikẹ́ni. Láti 2013 ni èèyàn ti lè gbé nọ́ńbà rẹ̀ lọ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn.

“Sent” kò túmọ̀ sí pé ó dé. “Delivered” ni kí ẹ máa wò. Bí oníbàárà bá tún béèrè lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 60, kóòdù àkọ́kọ́ ni kí ẹ tún fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, èyí tó pẹ́ lọ́nà á dé, òun ni oníbàárà yóò tẹ̀, áàpù á sì kọ̀ ọ́.

API key, kọ́kọ́rọ́ tí ẹ fi ń ránṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta àtẹ̀jíṣẹ́, kò gbọdọ̀ wà nínú áàpù. Orí server, kọ̀ǹpútà yín tí áàpù ń bá sọ̀rọ̀, ni kó wà. Ẹni tó bá tú APK yín, fáìlì áàpù náà, wò á rí i, á sì máa fi owó yín ránṣẹ́. Ẹ fi òté lé bíbéèrè kóòdù: nọ́ńbà kan, ìgbà mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí server má sì gba nọ́ńbà tí kò bá fi 234 bẹ̀rẹ̀.