Ta Ni Kí N Fi Fọ́tò Mi Àkọ́kọ́ Hàn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Oṣù mẹ́rin ni mo fi tọ́jú owó kí n tó ra kámẹ́rà tòkunbọ̀ kan. Gbogbo ẹni tí mo bá fi fọ́tò mi hàn ló ń sọ pé ó dára, àfi onífọ́tò kan ní àdúgbò wa tó wò wọ́n fìrí, tó ní kí n lọ kọ́ṣẹ́. Mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí yín: àbúrò ìyá mi ni mo yà níbi tí wọ́n ti ń gún iyán ní ẹ̀yìnkùlé. Ta ni kí n gbà gbọ́? — Akẹ́kọ̀ọ́, Adó-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì gba ẹnikẹ́ni gbọ́ nínú wọn, nítorí kò sí èyí tó sọ ohun tó rí fún yín. “Ó dára” kì í ṣe èsì, ìkíni ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yin yóò ṣe sọ fún ẹni tó bá wọ aṣọ ẹbí tuntun. Onífọ́tò yẹn lè má parọ́, ṣùgbọ́n kò fi ibi tó kù díẹ̀ káàtó hàn yín.

Ohun tí ojú tèmi kọ́kọ́ bà lé ni ògiri funfun tí oòrùn ń tàn sí, kì í ṣe ẹni tó ń gúnyán. Ìmọ́lẹ̀ gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni kámẹ́rà sábà máa ń wọ̀n pọ̀. Bí ẹ̀yìn bá mọ́lẹ̀ jù, yóò dín ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà wọlé kù, ojú adúláwọ̀ á sì ṣú. Ká ní ẹ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta kí ògiri náà lè kúrò lẹ́yìn wọn, tàbí kí ẹ gbé ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà sí +1 níbi àmì + àti − tí wọ́n ń pè ní “exposure compensation”, ojú wọn ì bá hàn. Ní ti ọmọ odó tó dà bí èéfín, ẹlòmíràn lè pè é ní àbùkù, ṣùgbọ́n òun ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí n gbọ́ ìró odó. Bí ẹ bá fẹ́ kó dúró gbagidi, ẹ jẹ́ kí ojú kámẹ́rà ṣí kó sì padé láàrin 1/500 ìṣẹ́jú àáyá. Ní 1/60, ohun tó bá ń lọ sókè-sódò á fà.

Ẹ kọ́kọ́ bi àbúrò ìyá yín fúnra wọn. Wọ́n lè má mọ kámẹ́rà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ iyán: wọn yóò sọ fún yín pé kókó ṣì pọ̀ níbẹ̀ nígbà tí ẹ yà á, ará Èkìtì kan kò sì ní gbójú fo iyán oníkókó, ì báà jẹ́ nínú fọ́tò.

Lẹ́yìn náà, ẹ padà sọ́dọ̀ onífọ́tò yẹn, kì í ṣe ní Sátidé tí òde ìnáwó gbà á lọ́kàn. Fọ́tò márùn-ún péré ni kí ẹ tẹ̀ jáde lọ fi hàn án. Ẹ má fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, nítorí ó máa ń fún fọ́tò pọ̀, tí kì í jẹ́ kó mọ́ dáadáa mọ́. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ fi ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì. Ẹ má ṣàlàyé ohunkóhun ṣáájú, ẹ bi í pé, “Níbo ni ojú yín kọ́kọ́ bà lé, kí ni ẹ ì bá sì yọ kúrò?” Bí ẹni méjì tí kò mọ ara wọn bá nàka sí ibì kan náà, ibẹ̀ ni kí ẹ tún ṣe. Ẹ má tijú láti kọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn: J.D. ’Okhai Ojeikere, onífọ́tò ọmọ Nàìjíríà tí ayé mọ̀ fún fọ́tò irun dídì tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968, ọ̀rẹ́ kan ló kọ́ ọ ní ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà nígbà tó ra kámẹ́rà Brownie D ní 1950.

Nígbà tí wọ́n bá tún máa gúnyán nílé yín, ẹ tún un yà, kí ẹ sì fi tuntun àti ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí wa pọ̀.