Píìkì Gìtá Onírin: Bí Kò Ṣe Ní Dun Ìka, tí Kò sì Ní Ba Ohùn Jẹ́

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́. Ìkéré-Èkìtì ni mo wà, mo sì ti ń ta gìtá onírin, èyí tí a ń fi ọ̀pá irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa láti nǹkan bí oṣù mẹ́jọ. Píìkì onírin, ìyẹn ohun tí a ń wọ̀ sórí ìka láti fi fa okùn, tí mo rà ní Èkó máa ń fún mi ní ìka débi pé, kí a tó kọ orin ìyìn tán, orí ìka mi á ti kú. Yàtọ̀ sí èyí, ariwo irin máa ń ṣáájú ohùn ní gbogbo ìgbà tí mo bá fa okùn. Ẹnìkan ní kí n kúkú jù wọ́n nù, kí n máa fi ìka lásán ta á. Irú píìkì wo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, arákùnrin wa. Kí ẹ tó ra òmíràn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ èyí tó wà lọ́wọ́ yín wò, nítorí láti ìgbà tí mo ti ń ta gìtá yìí ní Adó-Èkìtì, tí mo sì ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn, n kò tíì rí píìkì kan tí ó jáde láti inú páálí tí ó sì bá ìka ẹnikẹ́ni mu lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dà bíi ti bàtà tuntun tí èèyàn ń wọ̀ títí tí yóò fi rọ̀. Irin kì í rọ̀ fúnra rẹ̀, àwa ni a ní láti tẹ̀ ẹ́ kí ó gba ìrísí ìka wa.

Ẹ mú píìkì náà dání. Ó ní ahọ́n, ìyẹn pẹlẹbẹ tí ó ń kan okùn, ó sì ní ìyẹ́ méjì tí ó dì mọ́ ìka. Ìhà ẹran ìka ni ahọ́n gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe ìhà èékánná. Mo ti rí ju ẹnìkan lọ tí ó wọ̀ ọ́ sódì, tí ó sì ń jìyà fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un.

Ibi ìyẹ́ ni ìnira tí ẹ sọ ti ń wá. Orí ìka ènìyàn tín-ín-rín lókè, ó sì gbòòrò bí ó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sí oríkèé, ṣùgbọ́n ìyẹ́ píìkì tuntun sábà máa ń rí bákan náà lókè nísàlẹ̀, nítorí náà etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ó ń wọ ẹran, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ráàyè kọjá. Ẹ fi aṣọ wé ẹnu púláyà kékeré kan kí ó má baà ha irin náà, kí ẹ fi ṣí etí ìsàlẹ̀ yìí síta díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì fún ti òkè mọ́ra. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sáńpépà tó kúnná fá gbogbo etí rẹ̀, kí ẹ sì fi í ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín: bí ó bá ṣì ń ha yín, kò tíì dán tó. Bí ẹ bá wọ̀ ọ́ tán, tí ẹ gbọn ọwọ́ bí ẹni ń gbọn omi nù, kò gbọdọ̀ já bọ́. Bí ẹ bá sì bọ́ ọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àpá tó fi sílẹ̀ lára ìka gbọ́dọ̀ tètè pòórá. Bí ó bá jẹ́ pé ìka ṣì ń kú nígbà tí píìkì kò sí lára rẹ̀, ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà, nítorí ìyẹn ti kọjá ọ̀rọ̀ gìtá.

Ọyẹ́ náà ní ipa tirẹ̀. Ìka máa ń sún kì nínú òtútù, píìkì tí ó bá yín mu rẹ́gí nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà sì lè máa já bọ́ ní àìsùn oṣù Ṣẹ́rẹ́. Èmi a máa tún ìyẹ́ tèmi fún kí n tó jáde nílé ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ti ariwo, ahọ́n ni kí ẹ wò. Erékùṣù Hawaii ni gìtá onírin ti wá, ṣùgbọ́n inú orin jùjú King Sunny Adé, lọ́wọ́ Demola Adepoju, ni etí ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ̀ ọ́n: ohùn gígùn tí ó ń yọ́ lọ bí ẹni ń sunkún jẹ́jẹ́. Bí irin bá ti dún kí irú ohùn bẹ́ẹ̀ tó jáde, ẹkún náà ti bàjẹ́. Pẹ́dàlì ohùn, èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti gbé ohùn sókè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀, lè bò ó mọ́lẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè wò ó sàn. Ahọ́n tó gún gbọọrọ ni ó ń fa èyí, nítorí etí rẹ̀ ni ó ń ha okùn, pàápàá àwọn okùn tó nípọn tí a fi wáyà wé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ó tẹ̀lé ìtẹ̀kọ́rọ́ ẹran ìka yín, kí ó má sì yọ kọjá ẹran ju mìlímítà méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ahọ́n gígùn máa ń pẹ́ kí ó tó kúrò lára okùn, ó sì máa ń kan èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá wá fẹ́ ra òmíràn, ẹ wo bí ó ṣe nípọn tó. Èyí tí wọ́n kọ 0.013 sí lára (ínṣì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n), ìyẹn 0.33 mìlímítà, rọrùn láti tẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì máa ń ṣí fúnra rẹ̀. Èyí tó jẹ́ 0.018, nǹkan bí 0.46 mìlímítà, ni mo máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́. Èyí tó jẹ́ 0.025 ní ohùn tó kún jù lọ létí tèmi, àmọ́ ó le láti tẹ̀. Bí irin funfun tó ní níkẹ́ẹ̀lì nínú bá ń yún yín lára, ẹ wá ti idẹ. Méjì péré tó, fún ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín. Ẹ fi ìṣó fa ìlà kan sára àkọ́kọ́ àti ìlà méjì sára èkejì, kí ẹ má baà ṣì wọ́n wọ̀.

Ti àtàǹpàkò, oníke ni kí ẹ rà. Bí ó bá fún yín, ẹ rì í sínú omi gbígbóná títí yóò fi rọ̀, ẹ ṣí i díẹ̀, kí ẹ sì tì í bọ omi tútù. Ẹ má ṣe fi iná kàn án rárá, nítorí èyí tí a fi sẹ́lúlọ́ìdì, irú ike kan, ṣe máa ń tètè gbiná.

Ní ti ìka lásán, àwọn kan ń ta á bẹ́ẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí ìlù àti agogo ti ń ró, n kò rò pé ẹnikẹ́ni yóò gbọ́ yín. Ẹ tún ti ọwọ́ yín ṣe lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ máa wọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójoojúmọ́ nílé, kí ẹ tó gbé e lọ sí ìsìn.